Ubuntu mi kọ̀, kò kúrò ní 22.04: ṣé kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé, tí mo sì ń bá wọn kún fọ́ọ̀mù. Ubuntu 22.04, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló wà lórí gbogbo wọn. Lánàá ni mo ní kí n gbé ọ̀kan lọ sí 24.04. Mo tẹ do-release-upgrade, àṣẹ tó ń gbé Ubuntu lọ sí ẹ̀dà tuntun, ó ń ṣiṣẹ́ lọ, nígbà tó yá ló kọ ọ́ síta pé "Could not calculate the upgrade", ló bá dúró. Mo wá a kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ní kí n tẹ apt --fix-broken install. Òmíràn ní kí n fi dpkg --force-all fipá mú un. Ẹ̀kẹta ní kí n má fi àkókò ṣòfò, kí n pa ohun gbogbo rẹ́ kí n fi 24.04 tuntun sí i, ọ̀rẹ́ mi tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà sì gbè é lẹ́yìn. Ẹ̀rọ yẹn ni mo fi ń tẹ̀wé jù, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

* * *

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Má tíì pa nǹkan kan rẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni pé ẹ̀rọ yẹn kò bàjẹ́. Ohun tó o rí yẹn túmọ̀ sí pé ó jókòó, ó ṣírò bí òun yóò ṣe kó gbogbo package (ètò kọ̀ọ̀kan àti àwọn ohun tó ń lò) kúrò ní 22.04 bọ́ sí 24.04, ìṣirò náà kò jọ, ó sì dúró. Kò tíì tú package kankan. Àwọn orísun, ìyẹn àdírẹ́sì ibi tó ti ń gba package, tó yí padà nígbà tó ń ṣírò, ó ti dá wọn padà sáyè wọn. Bó o bá pa á tó o sì tún un tàn nísinsìnyí, 22.04 rẹ náà lo máa bá, wàá sì máa tẹ̀wé rẹ lọ.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Tún ohun tó kọ síta yẹn kà dé ìsàlẹ̀. Ó dárúkọ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fà á, ọ̀kan nínú wọn sì ni "Unofficial software packages not provided by Ubuntu". Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ náà ni mo sì ti sábà máa ń rí i: package àtọ̀húnrìnwá. Èyí tó wá láti PPA, ìyẹn orísun tí ẹlòmíràn ṣí fúnra rẹ̀ tí kì í ṣe ti Ubuntu, èyí tí ẹnì kan gbà wálẹ̀ bíi fáìlì .deb (fáìlì tí package wà nínú rẹ̀) láti ojú-ìwé àwọn tó ṣe é. Àwọn package tí Ubuntu fúnra rẹ̀ kó jọ, wọ́n ti dán wọn wò pa pọ̀ kí wọ́n tó gbé wọn jáde. Àlejò tí ìwọ mú wọlé, kò sẹ́ni tó bá ọ dán an wò mọ́ àwọn onílé.

Tẹ àwọn wọ̀nyí (apt ló ń wá package tó sì ń gbà á wálẹ̀, dpkg ló ń tú u sórí ẹ̀rọ), kó o sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ síbí:

grep Broken /var/log/dist-upgrade/apt.log
apt list '?obsolete'
apt-mark showhold
dpkg --print-foreign-architectures

Èyí àkọ́kọ́ máa da ọ̀pọ̀ ìlà síta. Má da ara rẹ láàmú pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ yé ọ, orúkọ tó bá ń padà wá léraléra ni kó o mú. Èkejì máa dárúkọ package tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ àmọ́ tí kò sí ní orísun kankan mọ́. Ẹ̀kẹta máa dárúkọ èyí tí ẹnì kan ti so mọ́lẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Bí ẹ̀kẹrin bá dá ọ lóhùn pé i386, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti gbà láti máa gba package 32-bit mọ́ra.

* * *

Kó o tó padà wá, ẹ jẹ́ kí n mú ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí mo rí i pé àwọn tó ń dáhùn níbí náà pín sí mẹ́ta bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ní kó o tẹ apt --fix-broken install kò purọ́, àìsàn mìíràn ni oògùn yẹn wà fún. Ẹ̀rọ tí package X wà lórí rẹ̀, tí Y tí X gbára lé kò sì sí, ni àṣẹ yẹn ń tún ṣe. Lórí ẹ̀rọ tìrẹ, kò tíì sí ohun tó já. Bó o bá tẹ̀ ẹ́, àfàìmọ̀ kó má sọ fún ọ pé kò sí ohun tí òun fẹ́ fi sí i, kò sì sí ohun tí òun fẹ́ yọ.

Níbi tó ti wúlò pàápàá, ohun tó ń pa àwọn èèyàn lára ni -y, tó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè, tí wọ́n ń fi sí i nídìí. Yíyọ package kúrò wà lára ọ̀nà tí apt ń gbà tú kókó. Ní 2021, Linus Sebastian, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo fídíò rẹ̀ lórí YouTube, fẹ́ fi Steam sórí Pop!_OS. Ìgbáralé kan kò jọ lọ́jọ́ náà, apt bá sọ pé kí Steam tó wọlé, òun máa yọ pop-desktop àti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn. Ó ní bó bá dá a lójú, kó kọ "Yes, do as I say!". Ó kọ ọ́. Gbogbo ojú ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ sì lọ. Ọ̀pọ̀ ló fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi kò bá wọn ṣe é. Àtòkọ yẹn máa ń gùn, orúkọ inú rẹ̀ sì máa ń dà bí èdè àjèjì lójú ẹni tó kàn fẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni mo máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n dúró kà kí wọ́n tó tẹ Y: "The following packages will be REMOVED". Bí ubuntu-desktop tàbí orúkọ ohun tó o fi ń jẹun bá wà níbẹ̀, tẹ n, kó o wá béèrè.

Ti --force-all, mi ò gbà. Package tó wà níwájú rẹ̀ lásìkò yẹn ni dpkg ń rí, apt ló ń wo gbogbo agbo. Bó o bá fipá mú dpkg, ó máa ṣe ohun tó o ní kó ṣe, àmọ́ gbèsè lo jẹ yẹn. Bó bá di ọ̀la tó o fẹ́ fi nǹkan kékeré kan sí i, apt máa ní kó o kọ́kọ́ wá san gbèsè náà. Ẹyọ kan ni mo yọ̀ǹda nínú àwọn force yẹn: --force-overwrite, nígbà tí dpkg bá ní "trying to overwrite" fáìlì kan tó jẹ́ pé package mìíràn ló ni ín, tó sì dá ọ lójú pé package àtijọ́ yẹn ń lọ. Fáìlì kan, package kan, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ti pípa rẹ́, màá padà sí i.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé nígbà tí òun gbé tòun lọ sí 24.04, apt sọ pé òun máa yọ libssl3, libcurl4, libglib2.0-0 àti ọ̀pọ̀ nǹkan bẹ́ẹ̀, òun sì fi ìbẹ̀rù pa ẹ̀rọ náà. Ó ní ṣé kì í ṣe pé apt ti ń ya wèrè.

Rárá o. Wo àtòkọ àwọn tó fẹ́ fi sí i, wàá rí libssl3t64, libcurl4t64 àti libglib2.0-0t64 níbẹ̀. Onílé kan náà ni, orúkọ ló yí padà. Kọ̀ǹpútà ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú àáyá láti 1 January 1970. Àwọn ẹ̀rọ 32-bit tó ń ka iye yẹn sínú àyè 32-bit, àyè náà máa kún ní 19 January 2038. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, Debian àti Ubuntu tún ọ̀pọ̀ package kọ́ kí àyè náà lè di 64-bit, wọ́n sì fi t64 sí ìdí orúkọ wọn kí tàtijọ́ àti tuntun má bàa dà pọ̀. Ó dé orí ẹ̀rọ 64-bit náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ nìkan ló yí padà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìgbésókè láti 22.04 sí 24.04 fi le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ubuntu fúnra wọn sún 24.04.1 láti 15 August sí 29 August 2024 torí àwọn àṣìṣe tó ń bá ìgbésókè jà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń lo LTS, ẹ̀dà tí Ubuntu ń tọ́jú fún ọdún púpọ̀ bíi 22.04, kì í rí ìpè láti gòkè kí ẹ̀dà .1 yẹn tó jáde. Bí àlejò kan bá rọ̀ mọ́ libssl3 àtijọ́, tó ní ẹ̀dà báyìí gan-an lòun fẹ́, apt kò ní lè yọ èyí fi tọ̀hún rọ́pò. Ó máa dúró ni.

* * *

Oníbèérè ti padà:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti tẹ̀ wọ́n. Nínú Broken, libgd3 àti php8.1-gd ló ń padà wá ṣáá. Obsolete dárúkọ libssl1.1 àti driver ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Showhold kò sọ nǹkan kan. Èyí tó kẹ́yìn ní i386. Mo wá rántí pé ẹnì kan bá mi fi PPA kan sí i lọ́dún tó kọjá nígbà tí mo fẹ́ kọ́ PHP, mi ò sì kọ́ ọ mọ́."

O ṣeun. Ohun tá a ń wá náà nìyẹn. Tẹ apt-cache policy libgd3. Lábẹ́ ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ, ìlà kan máa wà tó ní ppa.launchpadcontent.net nínú. PPA tí wọ́n fi kún un nítorí PHP kò fi PHP nìkan sílẹ̀. Ó gbé libgd3 tirẹ̀ wá pẹ̀lú, ẹ̀dà rẹ̀ sì ga ju ti Ubuntu lọ. Nígbà tí do-release-upgrade bẹ̀rẹ̀, ó pa orísun PPA náà tì, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo orísun tí kì í ṣe ti Ubuntu. Àmọ́ orísun ló pa tì, kò yọ package tó ti ibẹ̀ wá. Libgd3 yẹn jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fún un ní arọ́pò, apt kì í sì í dédé gbé package láti ẹ̀dà gíga wá sí ẹ̀dà kékeré. Kókó tó ta nìyẹn.

Ohun tó ń tú u ni ppa-purge. Kì í ṣe pé kó o kàn pa PPA náà rẹ́ nínú Software & Updates, àṣìṣe tí èmi náà ti ṣe rí nìyẹn. Bó o bá kọ́kọ́ pa á rẹ́, ppa-purge kò ní mọ package tó ti ibẹ̀ wá mọ́. Jẹ́ kí PPA náà ṣì wà, kó o tẹ:

sudo apt install ppa-purge
sudo ppa-purge ppa:orúkọ-tó-wà-níbẹ̀

Ó máa dá gbogbo ohun tó wá láti ibẹ̀ padà sí ẹ̀dà ti 22.04, ó sì máa pa orísun náà tì. Lẹ́yìn náà, yọ PHP tó ò lò mọ́ kúrò, kó o sì tẹ sudo apt autoremove.

Ti libssl1.1, ara OpenSSL tí àwọn ètò fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, gba àlàyé. 20.04 ló ní in. 22.04 ti bọ́ sí OpenSSL 3, kò sì gbé 1.1 wá rárá. Bó o bá tẹ apt-cache policy libssl1.1, ohun tó o máa rí kò ní jìnnà sí èyí:

*** 1.1.1f-1ubuntu2 100
    100 /var/lib/dpkg/status

Wo ìlà kejì yẹn dáadáa. Kò sí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀, ìwé tí dpkg fi ń ṣírò ohun tó wà nílé nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan gbé e wọlé lọ́wọ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn, apt update kankan kò kàn án.

Mo mọ bó ṣe máa ń wọlé torí èmi náà gbé e wọlé rí. Ní 2022, oníbàárà mi kan ní ètò ìṣirò owó kan tó ní dandan, libssl1.1 lòun fẹ́. Mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí gbogbo ayé ń ṣe, mo fi ln -s pe libssl.so.3 ní libssl.so.1.1. Ètò náà wò ó, ó ní "version OPENSSL_1_1_0 not found". Orúkọ nìkan kọ́ ló ń wò, ó ń wo inú rẹ̀ náà. Nígbà tó sú mi, mo lọ gbé .deb ti 20.04 wá, ó sì ṣiṣẹ́. Inú mi dùn. Àmọ́ nígbà tó di 11 September 2023, àwọn tó ń ṣe OpenSSL fi 1.1.1 sílẹ̀, wọn kò tún un ṣe fún gbogbo ayé mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn èèyàn ni mo fi ilẹ̀kùn tí kò ní olùṣọ́ yẹn sí. Ó dùn mí títí di òní. Ọjọ́ tí àwọn tó ṣe ètò náà gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ọjọ́ náà ni mo yọ ọ́.

Nítorí náà, tẹ apt-cache rdepends --installed libssl1.1. Bí kò bá sí ohun tó gbára lé e mọ́, yọ ọ́ lónìí. Bí ó bá wà, sọ orúkọ rẹ̀ fún mi ká tó tẹ̀ síwájú.

Driver ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló rọrùn jù. Wá fáìlì .deb rẹ̀ sí /home, yọ driver náà kúrò, gbé ẹ̀rọ sókè, kó o sì dá a padà. Mo gbà pé òun náà ló mú i386 wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì jẹ́ 32-bit. Package 32-bit àti 64-bit tó jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ̀dà wọn gbọ́dọ̀ bára mu ní déédéé kí wọ́n tó lè jọ gbé. Bí PPA bá gbé ti amd64 (64-bit) ga láìgbé ti i386 (32-bit), ìjà dé nìyẹn. Ìdí mìíràn tó fi yẹ kí driver náà ṣí kúrò lọ́nà ná nìyẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ iná àti dátà. Mo rí ẹni tó kọ ọ́ pé dátà ló ń ba ìgbésókè jẹ́ fún wa nílẹ̀ yìí, pé bó bá já láàárín, ẹ̀rọ máa dà rú. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Apt máa ń kó gbogbo ohun tó fẹ́ lò wálẹ̀ tán sí /var/cache/apt/archives kó tó tú ẹyọ kan. Bí dátà bá tán lásìkò yẹn, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ rẹ. Ra òmíràn, tún un ṣe, ó máa tẹ̀ síwájú níbi tó dé.

Iná ni kó o bẹ̀rù. Àkókò tí "Unpacking" àti "Setting up" ń sáré kọjá lójú ẹ̀rọ, ìgbà yẹn ni kò gbọdọ̀ kú. Bí kò bá sí inverter tàbí bátìrì tó ṣeé fọkàn tán, tan jẹnẹrétọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, kódà bí iná bá wà.

Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn, mo ń gbé laptop kan láti 20.04 lọ sí 22.04. Bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá, iná ni mo gbára lé. Iná lọ. Nígbà tó dé tí mo tan ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń sọ pé ó ti bà jẹ́. Mo tẹ Ctrl+Alt+F3, ojú dúdú tó ní ìwé funfun jáde, mo wọlé, mo tẹ:

dpkg -l | grep '^i[^i]'

Package tó dá ṣáká máa ń ní ii níwájú. Èyí tó ní iU, wọ́n ti tú u àmọ́ wọn kò tíì tò ó. Èyí tó ní iF, àárín títò ló kú sí. Ojú ẹ̀rọ kún fún iU láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tẹ sudo dpkg --configure -a, mo sì jókòó. "Setting up", "Setting up", ó ń lọ. Ó dúró níbì kan, mo tẹ sudo apt -f install, mo tún padà sí ti àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pààrọ̀ méjèèjì.

Ó wá dé orí firefox, ó sì kọ ọ́ síta pé "Unable to contact the store, trying every minute for the next 30 minutes". Láti 22.04, firefox ti kúrò ní .deb gidi, snap, irú ètò mìíràn tí Ubuntu ń gbà láti ilé ìtajà tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló kù. Package yẹn kàn jẹ́ ìránṣẹ́ tó ń lọ gbé snap wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì sí torí ohun tó ń darí rẹ̀ gan-an wà lára àwọn tí wọn kò tíì tò. Mo fi okùn so fóònù mi mọ́ ọn, mo tan USB tethering, mo tẹ ip a láti mọ orúkọ tí ẹ̀rọ pè é, mo fi dhclient gba àdírẹ́sì fún un. Kò pẹ́, firefox wọlé. Nígbà tí mo tún un tàn, 22.04 ló jáde, kò sí fáìlì ọmọ ilé ìwé kan tó sọnù.

Ibi tí dátà ti lè di ọ̀ràn nìyẹn o, package tó ń lọ gbé nǹkan wá nígbà tí wọ́n ń tú u. Wọn kò pọ̀. Bí iná bá ti ba ìwé dpkg fúnra rẹ̀ jẹ́, tó ń sọ pé òun kò lè ka /var/lib/dpkg/status, wo inú àpò kan náà, status-old wà níbẹ̀, àwọn ti ọjọ́ ìṣáájú sì wà ní /var/backups. Fi ọ̀kan rọ́pò rẹ̀, kó o bẹ̀rẹ̀ láti --configure -a.

* * *

Mo ní màá padà sí pípa rẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó gbà pé kó o pa á rẹ́ ní ìtumọ̀. Wọ́n ní ó yá, wọ́n ní ẹ̀rọ máa mọ́ tónítóní, wọ́n ní kò sí ìṣirò tó máa kọ̀. Èyí tó ní ó yá ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá lóhùn. Fáìlì 24.04 tó o máa gbà wálẹ̀ súnmọ́ 6 GB. Lẹ́yìn náà wàá tún gba àwọn àtúnṣe tó ti jáde láti ìgbà náà. Lẹ́yìn náà wàá wá driver ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wàá wá fọ́ńtì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè, wàá wá gbogbo ohun tó o ti tún ṣe láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn tó o ti gbàgbé pé o tún ṣe. Ọjọ́ mélòó ni ṣọ́ọ̀bù máa fi wà ní títì?

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ohun tó fà á kò yé ẹni tó pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún fi PPA kan náà sí i. Tó bá di ìgbà tó fẹ́ gbé e lọ sí 26.04, àdúgbò kan náà la tún máa pàdé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo gbà pé kéèyàn pa á rẹ́ níbi tó bá yẹ. Bí ẹ̀rọ bá ti pẹ́ sẹ́yìn jù, bí 18.04, wàá gbé e dé 20.04, dé 22.04, kó tó dé 24.04, torí kò sí fífo LTS kan kọjá. Debian náà kò fara mọ́ fífo ẹ̀dà kọjá. Ìgbà mẹ́ta lo máa ṣe ohun tó o lè ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí disk bá sì ti ń kú, má ṣe upgrade kankan lórí rẹ̀, kó fáìlì rẹ jáde ná. Àmọ́ PPA kan, libssl1.1 kan àti driver kan? Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Ohun yòówù kó o yàn, kó /home àti /etc sórí disk mìíràn kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì tẹ apt-mark showmanual > package-mi.txt. Fáìlì kékeré yẹn ni orúkọ gbogbo ohun tí ìwọ fúnra rẹ ní kí wọ́n fi sórí ẹ̀rọ náà.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti gòkè o! Ppa-purge ṣe bí ẹ ṣe wí. Kò sí ohun tó gbára lé libssl1.1, mo yọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ wà ní títàn títí ó fi parí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ṣiṣẹ́. Ó ku ẹyọ kan: ètò Python kékeré tí mo fi ń ṣe rìsíìtì ń sọ pé No module named 'reportlab'. Mo tẹ sudo pip install, ó ní externally-managed-environment. Ẹnì kan ní kí n fi --break-system-packages sí i."

Mo bá ọ yọ̀! Má fi ohun tẹ́ni yẹn wí sí i. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó máa ṣe fún ọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Python 3.10 ló wà ní 22.04, 3.12 ló wà ní 24.04. Reportlab tó o fi sudo pip, irinṣẹ́ tí Python fi ń gba nǹkan wálẹ̀, fi síbẹ̀ nígbà yẹn ṣì wà ní /usr/local/lib/python3.10, kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀ mọ́. Àlejò ni òun náà, kò bá àwọn yòókù ṣí. Reportlab ti Ubuntu wà, tẹ sudo apt install python3-reportlab, ó parí. Nígbà mìíràn tó o bá gbé ẹ̀rọ sókè, apt máa gbé e dání lọ. Ohun tí apt kò bá ní, venv, àyè Python tó dá dúró, ni kó o fi ṣe é nínú /home tìrẹ: python3 -m venv, lẹ́yìn náà pip inú venv yẹn, láìsí sudo. Bí Python bá yí padà, pa venv náà rẹ́ kó o tún un dá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún ẹlòmíràn tó ń ka èyí: bó bá jẹ́ pé o ti fi update-alternatives tọ́ka /usr/bin/python3 sí Python mìíràn, do-release-upgrade máa sọ pé python3 rẹ ti bà jẹ́, kò sì ní bẹ̀rẹ̀. Lórí 22.04, tọ́ka rẹ̀ padà sí python3.10. Lára àwọn irinṣẹ́ Ubuntu, ọ̀pọ̀ ló gbé ara lé Python yẹn gan-an.

Ó ku ẹ̀rọ méjì. Má gba ohun kan náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fi apt-cacher-ng, tó ń tọ́jú package tí wọ́n ti gbà wálẹ̀, sórí èyí tó ti gòkè yìí, kó o sì kọ ìlà kan sínú /etc/apt/apt.conf.d/00proxy lórí àwọn méjì yòókù:

Acquire::http::Proxy "http://192.168.1.10:3142";

Fi àdírẹ́sì ẹ̀rọ tìrẹ rọ́pò 192.168.1.10. Ohun tí ẹ̀rọ kejì bá gbà wálẹ̀, ẹ̀kẹta máa rí i gbà lọ́dọ̀ọ̀ rẹ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn àṣẹ mẹ́rin ti àkọ́kọ́ yẹn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, má gbà pé ohun kan náà ló wà lórí wọn. Láàárín iṣẹ́, ó lè bi ọ́ pé fáìlì ètò kan tó o ti fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀, ṣé kí òun fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Tẹ D kó o rí ìyàtọ̀ méjèèjì. Bí kò bá yé ọ, tẹ N, tìrẹ máa wà níbẹ̀, ó sì máa fi tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú .dpkg-dist ní ìdí orúkọ rẹ̀. Kọ ohun tí grep Broken bá sọ lórí ẹ̀rọ kejì síbí kó o tó tan jẹnẹrétọ̀.